Ẹ̀wù Ọsàn Verna Stauffer

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Verna Stauffer, kò fẹ́ràn iwájú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó tó fara ti ògiri ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, irun rẹ̀ nìkan lẹ ó rí níbì kan lẹ́yìn èjìká ẹlòmíì. Iwájú kan ṣoṣo tó gbà láti jókòó sí láyé ni iwájú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó fi ọgbọ̀n ọdún wà ní Kaunti Larkin, láàárín àwọn òkè Ohio. Níbẹ̀ náà, àwọn ọmọ sọ pé dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn ló ń wò ju ojú ọ̀nà lọ. Bí ọmọ kan bá ju bébà lu ẹnìkejì rẹ̀, kí bébà náà tó balẹ̀, Verna ti pe orúkọ ẹni tó jù ú.

Nítorí náà, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé nígbà tí Dale ọkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ alálùpùpù sílẹ̀, ẹ̀yìn ni Verna mú. Dale ló ń ṣáájú. Dale ga, ohùn rẹ̀ ń dún, fèrè irin kan sì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá fọn ún, ogójì alùpùpù á bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn màlúù inú pápá á sì sá lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Verna á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á dúró títí gbogbo wọn á fi kọjá, kó tó máa bọ̀ lẹ́yìn wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òfin tí wọ́n fi ń rìn kò le. Bí ẹni iwájú bá fẹ́ yà kúrò lójú títì, á na ọwọ́ sí kọ́nà. Ẹni tó tẹ̀ lé e á dúró síbẹ̀, á máa tọ́ka ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, ebi ìbáà pa á, àfi tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹlẹ́wù ọsàn. Ẹlẹ́wù ọsàn ló ń ṣẹ́wọ́ sí i pé ó tó, kò ku ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn, gbéra. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣìnà, ẹ̀rọ àwọn kan kú sójú ọ̀nà, àwọn kan tiẹ̀ dúró jẹ páì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Verna kò rí kó.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, Dale jáde láti wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì wọlé mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Verna gbé fèrè kọ́ sára ìṣó nínú ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀wù ọsàn sínú àpò awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀, ó sì ti gbogbo nǹkan mọ́ inú gáréèjì.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tí fèrè yẹn kàn. Milo Petrak ni. Jórinjórin tó ti fẹ̀yìn tì ni Milo, ọ̀rẹ́ Dale láti kékeré, ọkùnrin aláriwo tó lọ́wọ́ níṣẹ́. Òun náà mọ̀ pé fèrè kan òun, ó ti ń fi ìka méjì súfèé kiri kí ẹnu rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Àfìgbà tí wọ́n ṣèpàdé nínú oṣù kẹfà, tí Verna na ọwọ́ sókè láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Èmi ni n ó ṣáájú," ló wí.

Milo yí padà. "Verna, ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kó o gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe lò ń wúkọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ogún ọdún ni mo fi ń wo ẹ̀yìn Dale níwájú ọ̀nà," ni Verna dáhùn. "Mi ò lè máa wo ẹ̀yìn ẹlòmíì níbẹ̀. Ìwọ gan-an, Milo, mo fẹ́ràn rẹ, àmọ́ mi ò lè wo ẹ̀yìn rẹ."

Wọ́n fẹnu kò pé kó ṣáájú ìrìn ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ méjì gbáko ni. Bó bá yege, fèrè di tirẹ̀. Bí ọ̀wọ́ alùpùpù bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ti Milo, kò sì ní sí ìkùnsínú. Milo gbà láti wọ ẹ̀wù ọsàn. Ó ní òun kò ní wọ ògbólógbòó ti Verna, ó ra tuntun tó ń dán bí ojú ẹja.

Ìrìn ọdún yìí kì í ṣe eré lásán. Ti ìbò ni. Ní Larkin, àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan adájọ́ wọn. Ọdún méjìdínlógún ni Adájọ́ Harmon Whitlow ti wà lórí àga, àga náà sì ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó dìde sí i ni Corinne Lasko, agbẹjọ́rò tó ti ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ rò láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé. Verna mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ọmọ ọdún méje. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín dí ọ̀nà, tí bọ́ọ̀sì pẹ́ títí, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti sá wọlé padà. Corinne nìkan ni Verna bá lẹ́bàá àpótí lẹ́tà ilé wọn, tó gbá abọ́ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra, tí imú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. "Ẹ ní ẹ ń bọ̀," lọmọ náà wí, ó sì gun ọkọ̀. Ìdí tí Verna fi ń ṣe tirẹ̀ nìyẹn, kò fẹ́ gbọ́ ìdí mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, kò sí olùdíje tó ṣòro láti polongo fún bí ẹni tó ń du ipò adájọ́. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí bí yóò ṣe dá ẹjọ́ kankan. Kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ tọrọ owó. Bí wọ́n bá ti gbé akoto kiri láti gba ọrẹ, Corinne á rọra dìde, á lọ máa wo màlúù lẹ́yìn ọgbà, bí ẹni pé màlúù ló fẹ́ bá ra ilẹ̀. Inú àwọn alálùpùpù dùn sí èyí ju ohunkóhun lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ìrìn bẹ̀rẹ̀, níbi gbogbo tí wọ́n bá dúró sí, ńṣe ni wọ́n ń gbìyànjú láti gba ìlérí kan, ó kéré tán, lẹ́nu rẹ̀.

"Adájọ́ wa," ni Milo wí níbi tí wọ́n ti ń bu epo, "tí ọlọ́pàá bá ní mo sáré jù ńkọ́?"

"Màá gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá, màá gbọ́ tẹnu yín."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Màá wo ohun tí òfin wí."

"Ẹ má bínú o. Ṣé ẹ kàn lè ṣèlérí pé òjò ò ní rọ̀ lọ́la?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn náà, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi da kọfí sára. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Corinne tilẹ̀ ti gbé tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, bó o bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ wojú ọjọ́ kó tó dáhùn.

Alùpùpù kékeré kan ló ń gùn, ó kọ́ ọ nígbà ìrúwé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó gun ẹ̀yìn ẹlòmíì. Ó ní wọn ò ní gbé òun wọ Larkin bí àpò ọ̀dùnkún. Torí pé kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, Verna ní kó máa tẹ̀ lé òun gẹ́gẹ́, kí òun lè máa rí i nínú dígí.

Ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ogójì alùpùpù tò ní méjì-méjì gba etí odò kọjá, àsíá kéékèèké tí orúkọ Lasko wà lára rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn ènìyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ àti ajá. Ìyá arúgbó kan na ìdí ìkòkò rẹ̀ bí ẹni ń lé ẹyẹ. Ní ìyànà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Verna na ọwọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e dúró, Milo dé lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀ tó ń dán, ó kó wọn. Ní ìyànà àkọ́kọ́, Corinne ló kàn. Ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ bí òpó àmì ojú ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fọn fèrè alùpùpù sí i. Inú Verna dùn débi pé ó ń kọrin nínú akoto, ohun tí kò ṣe láti ìgbà òtútù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n jẹ páńkéèkì ní ilé àwọn panápaná. Ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo rẹ̀ dà lé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ pápá ìpàtẹ kaunti, níbi tí ìdajì àwọn tó ń dìbò ní Larkin ti máa ń wá jẹ àgbàdo tí wọ́n fi bọ́tà ra lára, wo ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra jù, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje. Adájọ́ Whitlow á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Corinne á tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sì sí irú èrò yẹn mọ́ títí di ọjọ́ ìbò.

Lẹ́nu ilé panápaná náà ni ẹ̀rọ Milo ti kọ̀. Ó ta á, ó ta á, ó gbá a nípàá, ó pè é lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"Ẹ máa lọ!" ló pariwo. "Ọmọ mi obìnrin ń gbé túrọ́ọ̀kì bọ̀. Ẹ máa lọ, màá bá yín níbẹ̀!"

Verna wo òkè. Kùrukùru ti ń ṣú. Ó wo agogo. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, kì í ṣe ti ẹ̀rù, ti ayọ̀ ni. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ún, ogójì ẹ̀rọ ó dín ọ̀kan bú lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní ká ní Dale wà níbẹ̀!

Ẹ ti rí i. Àwa tí a jókòó jẹ́ẹ́ níbí ti rí i. Ẹlẹ́wù ọsàn wà lórí ìdúró lẹ́nu ilé panápaná, ọ̀wọ́ sì ti lọ. Ṣùgbọ́n Verna kò rí i, ẹ má sì dá a lẹ́bi jù. Fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò bi í rí pé ta ló kẹ́yìn. Òun ni ẹ̀yìn. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹ̀yìn kò lè ṣófo láé, bí ilẹ̀ kò ṣe lè ṣófo lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ti wá sí iwájú, ó sì rò pé òun ṣì wà lẹ́yìn.

Ìyànà kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà ọjọ́ yẹn, níbi ilé ìtajà oúnjẹ ẹran tí wọ́n ti tì pa ní Pike Hollow. Verna na ọwọ́ òsì sí kọ́nà náà láìwo ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe orí rẹ̀. Corinne tó tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́. Verna rí i nínú dígí bó ṣe dúró gbọn-in, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ dáadáa. Gbogbo ọ̀wọ́ ń kọjá, wọ́n ń juwọ́ sí i, "Adájọ́! Adájọ́!" Ẹni tó kọjá kẹ́yìn kò mọ̀ pé òun lòun kẹ́yìn. Ó gbà pé Milo ń bọ̀.

Òjò bá wọn lórí òkè, ó nà wọ́n, ó dá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ pápá ìpàtẹ ní tútù, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ara gbogbo alùpùpù ń dán. Èrò dìde. Àwọn ọmọdé ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé gírámà fọn ìpè wọn, kò bá orin mu rárá, ó sì dùn. Verna bọ́ akoto, àwọn ènìyàn ń gbá a léjìká, "Verna, o ṣe é! O mú wọn dé!" Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú, ó sì rí Milo.

Milo jókòó lórí àga igi lábẹ́ àgọ́ àwọn tó ń ta lẹ́móníìdì. Búrẹ́dì onísọ́séèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ọ̀nà ńlá ni òun àti ọmọ rẹ̀ gbà, wọ́n ti dé tipẹ́. Ẹ̀wù ọsàn tuntun ń dán lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Verna.

"Milo. Ta ló kẹ́yìn?"

"Kẹ́yìn kí ni?"

"Ta lo fún lẹ́wù?"

Milo wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló wọ ẹ̀wù náà fún un. "O ò ní kí n fún ẹnikẹ́ni," ló wí. Ó wo ọ̀wọ́ alùpùpù, ó wá alùpùpù kékeré náà tì, ó sì gbé búrẹ́dì kalẹ̀. "Olúwa mi o. Níbo ló wà?"

"Pike Hollow."

"Pè é."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló wà ní Pike Hollow?"

Nígbà yẹn ni olùkéde gba máìkì. Adájọ́ Whitlow ti sọ tirẹ̀ tán, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. "Agbẹjọ́rò Corinne Lasko!" Èrò ń wò kiri. "Corinne Lasko!" Ọkùnrin kan tó dé fìlà Whitlow kígbe láti ẹ̀yìn, "Ẹ ò rí adájọ́ yín mọ́ ni? Ẹ yẹ abẹ́ ìjókòó wò!" Ẹ̀rín bú.

Ohun tí Verna kórìíra jù láyé ni kí ojú pọ̀ lára òun. Ó gun orí pèpéle, ó sì gba máìkì lọ́wọ́ olùkéde.

"Kì í ṣe pé ó pẹ́ dé," ló wí. "Èmi ni mo fi í sílẹ̀ ní kọ́nà Pike Hollow pé kó máa tọ́ka ọ̀nà, mo sì gbàgbé láti fi ẹni tí yóò kó o sẹ́yìn. Ẹ̀bi mi ni. Mò ń lọ mú un wá."

"Á ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀," ni onífìlà náà wí. "Ta ló fẹ́ dúró sójú òjò láti ìgbà yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Verna wí.

Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Ká ní ẹlòmíì ni, á ti gbéra, á ti bá wọn dé, á ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Corinne ló fi sílẹ̀, Corinne kò sì ní kúrò. Olùkéde wo agogo, ó wo Verna, àánú ṣe é, àmọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó kàn láti wọlé ti wà lẹ́nu géètì. Milo ti ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Gbà, wọ̀ ọ́."

"Mo ní tèmi," ni Verna dáhùn, ó sì ti wà lórí alùpùpù.

Ó sáré gun òkè náà bí ẹni tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Nínú akoto, kò kọrin. Ó ń sunkún, ó sì ń bá Dale jà. "Ṣé o rí ohun tí mo ṣe? Ṣé o rí i? Ẹ̀yìn ni mo mọ̀, ẹ̀yìn gan-an ni mo tún gbàgbé." Fèrè ń lù ú láyà bó ṣe ń lọ. Ó ti pinnu pé bó bá ti dé, òun yóò bọ́ ọ, òun yóò fún Milo, òun kò sì ní bá ẹnikẹ́ni rìn mọ́.

Bó ṣe yọ sí Pike Hollow, ó rí ọwọ́ náà kó tó rí ènìyàn. Ó nà gbọnrangandan sí òsì. Corinne rẹ dé egungun, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú. Bàbá àgbẹ̀ kan tó wọ bàtà rọ́bà dúró tì í, ó fi pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan bò ó lórí nítorí omi tó ṣì ń kán láti ara igi. Verna ka ohun tó wà lára pátákó náà: WHITLOW FÚN ADÁJỌ́.

"Ọgbà mi ni mo ti fà á tu," ni bàbá náà wí, bí ẹni tí wọ́n mú. "Kò sí agboòrùn nílé. Ẹ má rò pé mo ti yí padà o. Mo ní kó wọlé wá mu kọfí, ó ní àwọn kan ní kí òun dúró. Mo ní àwọn wo? Ó ní Ìyáàfin Stauffer. Mo ní ta ni ìwọ? Ó ní òun ń du adájọ́." Ó mi orí. "Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi jókòó sínú omi. Lẹ́yìn náà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mi ò tíì rí irú èyí rí."

Verna sọ̀ kalẹ̀. "Corinne. Ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú. Ọ̀rọ̀ rẹ ti kọjá, wọ́n ti pè ọ́ tì. Gun alùpùpù rẹ, ká máa lọ."

Corinne kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá jìgìjìgì. "Mà, ẹ̀wù ọsàn dà?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ ní kí n má kúrò àfi tí mo bá rí ẹ̀wù ọsàn."

Bàbá àgbẹ̀ náà ní "Háà!" ó sì fi pátákó Whitlow lu itan ara rẹ̀.

Verna wò ó. Ẹ̀rín ni kó rín ni, ẹkún ni kó sun ni, kò mọ̀. Ó lọ sídìí àpò awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀, ó tú u. Láti ìgbà òtútù ni kò ti fọwọ́ kan nǹkan tó wà níbẹ̀. Ó fa ògbólógbòó ẹ̀wù náà yọ, ó ti ṣá, bọ́tìnnì kan ti já. Òórùn epo àti ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ó ṣẹ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ: ó tó, kò ku ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn, gbéra.

Corinne sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì ra ọwọ́ náà títí kó tó lè di ọwọ́ alùpùpù mú.

Verna jẹ́ kó ṣáájú. Ní gbogbo ọ̀nà òkè náà, ó ń wo ẹ̀yìn obìnrin tútù yẹn níwájú òun, tó ń yà ní kọ́nà jẹ́jẹ́, tó ń bẹ̀rù, tí kò sì dúró. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀yìn ẹlòmíì níwájú ọ̀nà kò pa á lára.

Nígbà tí wọ́n wọ pápá ìpàtẹ, ẹ̀rọ méjìdínlógójì ti tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu géètì. Milo ló tò wọ́n. Bí àwọn méjèèjì ṣe gba àárín kọjá, gbogbo wọn bú lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ mì, ẹlẹ́dẹ̀ kan já okùn. Èrò dìde lórí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ti tàn ká, ẹnu kò sì gbà á. "Òun ni? Òun ló dúró láti ìgbà yẹn?" Onífìlà Whitlow náà dìde kó lè rí i dáadáa. Olùkéde na máìkì sí Corinne láti orí odi, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ lè dúró díẹ̀.

"Àkókò mi ti kọjá, ẹ ṣé," ni Corinne wí. "Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló kàn."

Ó lọ ra àgbàdo, ebi ti pa á kú.

Lábẹ́ àgọ́, Verna bọ́ fèrè lọ́rùn, ó na án sí Milo. "Àdéhùn ni àdéhùn. Ọ̀wọ́ já mọ́ mi lọ́wọ́."

Milo kò gbà á. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa koríko. "Verna, ẹ̀ẹ̀melòó ni Dale sọ mí nù?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ti ẹ̀kẹta, mo bẹ̀ ọ́ kó o má sọ fún un. Ta ló wá mi rí? Dale kọ́ o! Iṣẹ́ ẹni iwájú ni kó máa sọ èèyàn nù, òun ò lójú lẹ́yìn. Ìwọ ló ń kó wa. Ohun tó ṣe wá lónìí kì í ṣe iwájú. A ò ní ẹ̀yìn ni." Ó ti fèrè padà sí i lọ́wọ́. "Èmi ò sì tún wọ ẹ̀wù yẹn mọ́. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jẹ sọ́séèjì! Ẹ lọ wá ẹlòmíì."

Wọ́n wo ara wọn. Ta ni yóò jẹ́ ẹ̀yìn fún Verna?

"Èmi," ni Corinne wí, àgbàdo kún ẹnu rẹ̀.

Gbogbo wọn yí padà. Milo fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, ojú rẹ̀ ń tàn. "Adájọ́ wa. Lọ́dún tó ń bọ̀? Ṣé ìlérí nìyẹn?"

Corinne gbé àgbàdo mì. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo Verna, ó ro ó dáadáa bó ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan.

"Ìlérí ni," ló wí. "Bí mo wọlé ìbò, bí mi ò wọlé."

Verna bọ́ ògbólógbòó ẹ̀wù ọsàn náà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́.